Gẹ̀gẹ̀ Kọ́ Ni Gbogbo Rẹ̀: Ìperí fún Àìsàn Ẹ̀yà Ara Iwájú Ọrùn àti Àyẹ̀wò Rẹ̀

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá léèrè irú àìsàn tí í máa ṣe ènìyàn ní iwájú ọrùn, gẹ̀gẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú èdè, kò sì sí ẹni tí ó nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Gẹ̀gẹ̀ ni wíwú tí ó yọ sábẹ́ gògóńgò, tí a ń rí lókèèrè, tí ẹni tí ó ní in lè fi ìborùn bò tàbí kí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ yí i ká. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀, ó rọrùn fún olùtumọ̀ láti mú un lò fún gbogbo ohun tí àwọn oníṣègùn òyìnbó kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ táírọ́ìdì. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Gẹ̀gẹ̀ jẹ́ orúkọ ohun tí ojú rí. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà ara, kì í sì í ṣe orúkọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara náà ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ̀yà ara yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iṣẹ́ dúró lára wọn tí ọrùn wọn ṣì tẹ́jú bí ti ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Àwọn mìíràn sì gbé gẹ̀gẹ̀ ńlá títí wọ́n fi darúgbó, tí a kò sì rí àbùkù kankan nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nítorí náà, bí a bá kọ ọ́ sára ògiri ilé-ìwòsàn pé ‘Ẹ wá ṣe àyẹ̀wò gẹ̀gẹ̀’, obìnrin tí ó ti ń rẹ̀ láti ọdún méjì, tí irun rẹ̀ ń já, tí òtútù ń mú nígbà tí oòrùn mú ganrínganrín, yóò fi ọwọ́ pa ọrùn rẹ̀, yóò rí i pé kò wú, yóò sì kọjá lọ. Kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó lé e kúrò níbẹ̀. Ó mọ̀wé, ó sì kà á. Ọ̀rọ̀ tí a lò ni ó lé e.

Àwọn ará Yúróòpù pàápàá kò tètè bọ́ nínú àṣìṣe yìí. Ní ilẹ̀ Switzerland, níbi tí òkè pọ̀ sí, tí áyódíìnì sì ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ àti omi, gẹ̀gẹ̀ wọ́pọ̀ púpọ̀ láyé àtijọ́. Theodor Kocher, oníṣẹ́-abẹ ní Yunifásítì ìlú Bern, mọ iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ dunjú. Ṣáájú àkókò rẹ̀, ìsun ẹ̀jẹ̀ ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ẹni tí a bá dá irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ lé. Lọ́wọ́ tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ń là á já. A máa yọ gbogbo ẹ̀yà ara náà kúrò pátápátá, egbò a san, aláìsàn a sì padà sílé pẹ̀lú ọrùn tí ó mọ́ tónítóní. Nígbà tí ó yá ni ìròyìn kàn án nípa ọmọdébìnrin kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ọdún 1874. Ọmọ náà kò dàgbà mọ́, ojú rẹ̀ wú, kò sì já fáfá bí ti tẹ́lẹ̀. Kocher ránṣẹ́ pe àwọn aláìsàn rẹ̀ àtijọ́ padà láti yẹ̀ wọ́n wò. Ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí òun yọ gbogbo rẹ̀ fún ni ara wọn ti wúwo, tí òtútù ń mú, tí wọ́n ń gbàgbé nǹkan, tí ọ̀rọ̀ kò sì yá lẹ́nu wọn mọ́. Ní ọdún 1883, ó sọ ohun tí ó rí ní gbangba fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì fi ẹ̀bi ara rẹ̀ pa mọ́. Ní ọdún 1909 ni a fún un ní Ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀yà ara kan ṣoṣo yìí.

Gẹ̀gẹ̀ ti lọ, àìsàn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ó bá jẹ́ pé gẹ̀gẹ̀ ni orúkọ àìsàn náà, kí ni a ó pe ohun tí ó ń ṣe ọmọdébìnrin yẹn?

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, William Gull ti ṣàpèjúwe irú àìsàn kan náà lára àwọn obìnrin ní ọdún 1873, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan ọrùn wọn. Ọdún 1878 ni William Ord fún un ní orúkọ, ara tí ó wú ni ó sì fi sọ ọ́. Ohun tí ojú rí náà ni òun pẹ̀lú tẹ̀ lé. Ní ọdún 1891, George Murray, dókítà ní ìlú Newcastle, fún oje inú ẹ̀yà ara yìí láti ọrùn àgùntàn, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún un sí ara obìnrin ẹni ọdún 46 kan tí ara rẹ̀ ti wú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di fífà. Ara obìnrin náà yá, ó sì wà láyé títí di ọdún 1919. Kò pẹ́ sígbà náà tí Eugen Baumann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi rí i pé áyódíìnì wà nínú ẹ̀yà ara náà. Ní ọdún 1914, Edward Kendall ní Amẹ́ríkà yọ oje rẹ̀ gan-an sọ́tọ̀. Ó ju ogójì ọdún lọ kí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí tó ya wíwú ọrùn sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ẹ̀yà ara. Kò sí ìtìjú nínú kí èdè Yorùbá ṣe irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí.

Orúkọ fún ẹ̀yà ara àti fún oje rẹ̀

Iṣẹ́ ìperí ní èdè Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1984, fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ohun tí wọ́n nílò. Ìmọ̀ ìṣègùn ni kò tíì rí tirẹ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yà ara tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé wà níwájú ọrùn, ní ìsàlẹ̀ gògóńgò, ó sì na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀fun bí labalábá tí ó bà sórí igi. Lára àgbàlagbà, kò sábà wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 20 sí 25 lọ. Àwọn olùtumọ̀ kan ń pe irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀ ní ẹṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì dùn ún lò nínú ìwé tí a fi àmì ohùn sí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí atẹ̀wé bá gbàgbé àmì, bí wọ́n ti sábà máa ń gbàgbé rẹ̀, òǹkàwé lè kà á sí ẹ̀ṣẹ́ tàbí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì dára kí aláìsàn rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ọrùn òun ni dókítà fẹ́ yẹ̀ wò. Àwọn mìíràn ń lo kókó. Èyí burú jù, nítorí kókó náà jẹ́ orúkọ ohun tí ó wú, ó sì tún dá wa padà sí ibi gẹ̀gẹ̀.

Asunje ni ọ̀rọ̀ tí a lò nínú àròkọ yìí. Sun tí ó wà nínú rẹ̀ ni sun inú orísun àti ìsun omi. Oje sì ni oje tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí sun àti ẹkún ti di sunkún, bẹ́ẹ̀ ni sun àti oje di sunje, asunje sì ni ohun tí oje ń sun láti inú rẹ̀. Asunje ọrùn ni táírọ́ìdì. Oje ọrùn ni oje tí ó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láìgba ojú ihò kankan kọjá, kò dà bí itọ́ tàbí omijé. Áyódíìnì tí a ń jẹ nínú oúnjẹ ni ó fi ń ṣe é. Nínú oríṣi kan, átọ́ọ̀mù áyódíìnì 4 ni ó wà, nínú èkejì 3, òun ni ìwé àyẹ̀wò fi ń pè wọ́n ní T4 àti T3. Oje yìí ni ó ń sọ fún gbogbo ara bí yóò ti yá tó nínú iṣẹ́ rẹ̀: bí ọkàn yóò ti lù, bí ìfun yóò ti fa oúnjẹ, bí ara yóò ti móoru, bí ọpọlọ ọmọdé yóò ti dàgbà.

Bí oje náà kò bá tó, ọ̀wọ́n oje ọrùn ni. Ọ̀wọ́n ti mọ́ wa lára: ọ̀wọ́n epo, ọ̀wọ́n omi, ọ̀wọ́n oúnjẹ. Bí ó bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àpọ̀jù oje ọrùn ni. Ẹni tí ó bá rò pé irú ìperí báyìí kò ní wọ àwọn ènìyàn létí, kí ó ro ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí ẹni tí ó ń fi ojú rí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ru. Ẹ̀rọ ni ó ń wọ̀n ọ́n. Síbẹ̀ àwọn ìyá wa lọ́jà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń na apá fún nọ́ọ̀sì nítorí rẹ̀ láìjẹ́ pé ibì kan wú lára wọn.

Gẹ̀gẹ̀ ní àyè tirẹ̀, kò sì yẹ kí a lé e kúrò ní èdè. Kí ó máa jẹ́ orúkọ wíwú náà. Àìtó áyódíìnì ni ó sábà ń fà á níbi tí ó bá ti kárí ìlú: asunje ọrùn a máa tóbi sí i bí ó ti ń làkàkà láti fi díẹ̀ tí ó rí ṣe iṣẹ́. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù áyódíìnì 150 lóòjọ́, aláboyún nílò 250. Ẹ̀gẹ́ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ, tí a kò sì bà dáadáa máa ń di ohun kan nínú ara tí kì í jẹ́ kí asunje ọrùn rí áyódíìnì gbà, O. L. Ekpechi kọ nípa èyí ní ọdún 1967 láti inú ìwádìí rẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Babátúndé Ọ̀ṣọ́tìmẹ́hìn ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó wá di olórí àjọ UNFPA ní ọdún 2011, wà lára àwọn tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá àti ọmọ tuntun wò ní Ṣakí. Láti ẹ̀wádún 1990 ni a ti ń béèrè pé kí áyódíìnì wà nínú iyọ̀ tí a ń tà fún jíjẹ ní Nàìjíríà.

Ohun tí aláìsàn ń wí

Ìdààmú olùtumọ̀ kò pin síbi orúkọ àìsàn. Àwọn àmì rẹ̀ gan-an ń fara pa mọ́ sínú èdè.

Ẹni tí oje ọrùn wọ́n lára rẹ̀ yóò wí pé òtútù ń mú òun. Létí nọ́ọ̀sì, òtútù ti di ibà, a ó sì fún un ní oògùn ibà. Ẹni tí oje náà pọ̀ jù lára rẹ̀ yóò wí pé ara òun ń gbóná, a ó tún fún un ní oògùn ibà. Ọ̀tọ̀ ni kí ara gbóná, ọ̀tọ̀ sì ni kí ooru máa mú ènìyàn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ìwé ìbéèrè gbé síwájú rẹ̀ ni èyí: ‘Nígbà tí àwọn tí ẹ jọ wà nínú yàrá kan náà ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ṣé aṣọ ni ẹ̀yin ń fà bora?’ Fún ti èkejì, a lè béèrè bóyá òun nìkan ni ó ń làágùn níbi tí ara ti tu àwọn ìyókù. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ibà lè ni lóòótọ́, kí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un. Bí ó bá ti di oṣù mẹ́ta tí oògùn ibà kò sì ràn án, ó yẹ kí a ro ti asunje ọrùn.

Ìyìn pẹ̀lú máa ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ọ̀wọ́n oje ọrùn a máa mú kí ojú wú kí ara sì wúwo, àwọn aládùúgbò a sì máa kí onítọ̀hún pé ara rẹ̀ ń dán, pé ó ń jayé. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè bí ó ti ṣe jẹ́ pé oúnjẹ kò wù ú. Awọ ara rẹ̀ gbẹ, ìgbọ̀nsẹ̀ ṣòro fún un, ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ há, nǹkan oṣù obìnrin a máa pọ̀ jù tàbí kí ó pẹ́ jù, oyún lè má tètè dúró. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn a tún gorí rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ a sì pè é ní ọ̀lẹ.

Àpọ̀jù oje ọrùn ni òdìkejì. Onítọ̀hún ń jẹun dáadáa, ó sì ń rù. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó bá nà án, oorun kò kùn ún, inú a sì máa tètè bí i. Lára àwọn kan ẹyinjú a yọ síta. Robert Graves ní Dublin ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1835, Karl von Basedow ní Jámánì ní 1840. Rírù yìí ti mú kí a fura sí ọ̀pọ̀ obìnrin pé ayé ni ó ń ṣe wọ́n, tàbí pé àrùn mìíràn tí ó ní ìtìjú nínú ni wọ́n kó. Lára àwọn arúgbó, ó lè má ju pé ọkàn ń lù ségesège lọ.

Lẹ́yìn ìbímọ pẹ̀lú, láàárín ọdún kìn-ín-ní, oje ọrùn lè kọ́kọ́ pọ̀ jù kí ó sì wá wọ́n, bí ó ti ń ṣe obìnrin bíi 5 nínú 100. Yorùbá ti ní abísínwín fún ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ tí ń tẹ̀ lé ìbímọ, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo. Kò yẹ kí a sọ ọ́ sí ìyá tí ó rẹ̀ tí ó sì ń sunkún láìnídìí, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá rẹ̀ lè fi ohun tí ó ń ṣe é hàn.

Ohun tí ìwé àyẹ̀wò ń wí

Ibí ni ìtumọ̀ tí kò péye ti lè ṣe ènìyàn ní ìpalára gidi. Oje tí a sábà máa ń kọ́kọ́ wọ̀n kì í ṣe oje ọrùn rárá. Ó ń wá láti inú asunje kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pe asunje ọrùn sí iṣẹ́. TSH ni a ń kọ sínú ìwé àyẹ̀wò. Oje ìpè ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Bí asunje ọrùn bá ń jẹ́ ìpè, ìpè náà kì í ròkè. Bí kò bá jẹ́ ẹ, ìpè a máa lágbára sí i, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ó rán ọmọ níṣẹ́ tí kò gbọ́ ìdáhùn ti í máa gbóhùn sókè láti inú ilé. Ẹni tí ó bá wà ní òde tí ó gbọ́ igbe ìyá yóò mọ̀ pé ọmọ kò tíì dáhùn.

Nítorí náà, bí oje ìpè bá ga, oje ọrùn ni ó wọ́n. Bí oje ìpè bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, oje ọrùn ni ó sábà pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí òǹgbifọ̀ bá wo TSH tí ó ga, tí ó sì sọ fún aláìsàn pé ‘Táírọ́ìdì yín ti pọ̀ jù’, ó ti yí àìsàn náà po. Aláìsàn yóò délé, yóò wo oògùn tí a fún un pé kí ó fi dípò oje tí ó wọ́n, yóò sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ìdí tí a fi ń fi kún ohun tí ó ti pọ̀ jù. Bí ó bá gbọ́n, kò ní lò ó. Ọgbọ́n rẹ̀ gan-an ni yóò ṣe é léṣe.

Ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, láti nǹkan bí 0.4 sí 4.0 ni a ń ka TSH sí èyí tí ó wà ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì rẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé, ti aláboyún sì yàtọ̀. Bí èsì bá ṣàjèjì, a ó wọn T4 pẹ̀lú. Bí oje ìpè bá ga tí T4 sì wà ní ìwọ̀n, a lè pe èyí ní ọ̀wọ́n abẹ́lẹ̀. A sábà máa ń tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù bíi méjì sí mẹ́ta kí a tó pinnu. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé olùpè gan-an ni ó ń ṣàìsàn, kí a sì wo ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí ń fi hàn bóyá àwọn ohun tí ó yẹ kí ó máa gbèjà ara ni ó dojú ìjà kọ asunje ọrùn. Hakaru Hashimoto ti Japan ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe asunje tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ bà jẹ́, ní ọdún 1912. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn irun àti èékánná tí bayótíìnì pọ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó sì dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, nítorí ó lè mú kí èsì purọ́.

Kókó kan ṣoṣo tí ó le lọ́rùn, wíwú tí ń yára tóbi, ohùn tí ó há láìsí òtútù, tàbí èémí tí kò já gaara: ìwọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ dúró de èsì ẹ̀jẹ̀. Kí dókítà fọwọ́ kàn án, kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a sì fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín gba díẹ̀ nínú rẹ̀ wò bí ó bá yẹ.

Ọmọ tuntun ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Nínú ọmọ bíi 2,000 sí 4,000, a máa rí ọ̀kan tí a bí pẹ̀lú asunje ọrùn tí kò ṣiṣẹ́, tàbí tí kò sí rárá. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ní gẹ̀gẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í sunkún púpọ̀, oorun ni ó ń sùn, ìyá rẹ̀ a sì máa dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún òun ní ọmọ jẹ́jẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, bí ìdodo rẹ̀ bá yọ, bí ahọ́n rẹ̀ bá tóbi tí ọmú kò sì ṣe é fà, ó ti ń pẹ́ jù. Bí oṣù bá ń gorí oṣù láìsí oje náà, ọpọlọ kò ní dàgbà bí ó ti yẹ, oògùn tí a bá sì fún un lẹ́yìn náà kò lè dá gbogbo ohun tí ó sọnù padà.

Ní ìpínlẹ̀ Quebec, ní Kánádà, Jean Dussault ni ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí fún gbogbo ọmọ tuntun ní ẹ̀wádún 1970, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ sì ti tẹ̀ lé e láti ìgbà náà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ ni a ń gbà sórí pépà, láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ni a lè pè é ní Yorùbá, nítorí orúkọ náà kò dẹ́rù ba ìyá, kò sì sọ pé kí ó wo ọrùn ọmọ. Ó yẹ kí a ti gba ẹ̀jẹ̀ náà kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó kò, kí oògùn sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Níbi tí àyẹ̀wò náà kò bá sí fún gbogbo ọmọ, ìbéèrè kan wà tí nọ́ọ̀sì lè bi ìyá tí ó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára: ‘Ṣé ọmọ yìí máa ń jí fúnra rẹ̀ láti jẹun, àbí ẹ̀yin ni ẹ ń jí i?’